Ìgò Omi Ìsun Tí Wọ́n Gbé Gun Òkè Mápó

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, ahọ́n mi mọ omi ju bí alágbẹ̀dẹ ṣe mọ irin lọ. Bí ẹ bá bu omi fún mi nínú igbá, n óò tọ́ ọ wò, n óò sọ odò tí ó ti wá, n óò sọ obìnrin tí ó pọn ọ́n, n óò sì tún sọ bóyá òun àti orogún rẹ̀ ti jà ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Mo ti fi ahọ́n yìí tú ìgbéyàwó mẹ́ta ká ní Beyerúnká. Ẹ má bi mí ní orúkọ wọn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ṣẹlẹ̀ ní ìgbà tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń jókòó nílùú Ìbàdàn. Rélùwéè ti dé, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ omi nílé ẹnikẹ́ni. Kò sí gbọ̀ngàn kankan lórí òkè Mápó. Koríko àti àpáta ni ó wà níbẹ̀, àti igi kan tí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó máa ń gbé àga rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀ bí ó bá wá gbọ́ ẹjọ́ àwọn ará ìlú. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń yí irin kí omi tó yọ, ẹ ní sùúrù fún mi. Ó ti rẹ̀ mí, n kò lè sọ ọ́ kíákíá. Ọdún méjì péré ni mo sì lò ní ilé ìwé àwọn onígbàgbọ́ ní Kúdẹtì kí bàbá mi tó wá fà mí jáde, nítorí náà bí ìkọ̀wé mi bá wọ́, ẹ bá mi tọ́ ọ.

Ìsun kan wà ní ẹsẹ̀ àpáta, ní ìsàlẹ̀ Bẹẹrẹ, bí a bá ń lọ sí Ìsàlẹ̀ Òsì. Omi rẹ̀ tutù, ó sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń rí òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti ìkòkò tí èéfín ti dú bọ inú rẹ̀. Igbá mímọ́ ni a fi ń bu ú. Obìnrin tí ó bá rú òfin yìí, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ní kí ó gbọ́n ìsun náà gbẹ, kí ó sì jókòó tì í títí omi tuntun yóò fi sun.

Ará Èkó kan ni ó dé. Kóòtù dúdú ni ó máa ń wọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán gangan, ìyẹn ni a fi ń pè é ní Mísítà Kóòtù. Ó lọ bá wolé-wolé, ó sọ fún un pé ìdọ̀tí ọwọ́ àwọn obìnrin ń ba ìsun náà jẹ́, pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa tọ́jú rẹ̀. Wọ́n fún un ní ìwé. Kí a tó mọ̀, ó ti fi pákó ṣe ọgbà yí ìsun ká, ó ti fi àgádágodo tì í. Ó wá ń rọ omi inú rẹ̀ sínú ìgò ọtí òyìnbó tí ó ti ṣófo, ó ń fi kọ́ọ̀kì dí i, ó ń da ìda lé e lórí, ó sì ń lẹ bébà mọ́ ọn lára: OMI ÌSUN ÀPÁTA. KÒ SÍ ÀÌSÀN NÍNÚ RẸ̀. Ẹni tí ó bá lágbára rà á. Ẹni tí kò lágbára gba ẹ̀yìn Beyerúnká lọ síbi ọ̀gọ̀dọ̀, níbi tí àwọn màlúù ti ń mu.

Èmi náà ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi ni mo ń da ìda sí orí ìgò. Kí ẹ tó bínú sí mi, ẹ rántí pé nínú gbogbo àwa òṣìṣẹ́ rẹ̀, èmi nìkan ni mo lè lẹ bébà náà láìdojú rẹ̀ kọ ilẹ̀. Iṣẹ́ náà dára nígbà òjò. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, ìsun náà ń kán tó, tó, tó, bí omijé ẹni tí kò fẹ́ kí a mọ̀ pé òun ń sunkún. Mísítà Kóòtù wo ìsun, ó wo àwọn ìgò tí ó tò sílẹ̀, ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Lọ rọ omi wá ní ọ̀gọ̀dọ̀," ni ó wí. "Ta ló máa mọ̀?"

"Ọ̀gá, màlúù ń tọ̀ síbẹ̀."

"Màlúù kì í tọ̀ sínú ìgò. Gbé ṣágo, ó jàre."

Bẹ́ẹ̀ ni omi ọ̀gọ̀dọ̀ ṣe di omi ìsun, bébà kan náà ni a sì ń lẹ̀ mọ́ ọn. Mo bá a ṣe é fún ọjọ́ mélòó kan, mo sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ọdún yípo. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn kejì dé, sòbìyà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́sẹ̀ àwọn ènìyàn. Ẹ̀yin tí ẹ kò rí i rí, ẹ dúpẹ́. Aràn funfun ni, ó tín-ín-rín bí òwú. Ó máa ń dá egbò sí kókósẹ̀, a ó sì máa fi igi wẹ́wẹ́ ká a jáde díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ó bá já sínú, ẹsẹ̀ yóò wú tó odó.

Ó mú Ìyá Rábíátù. Aláró ni obìnrin yìí, ní agboolé kan ní Ìsàlẹ̀ Òsì. Aró ti kun ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dé ìgúnpá, kò sì sí ọṣẹ tí ó lè bọ́ ọ. Kò mu omi ọ̀gọ̀dọ̀ rí láyé rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ti ìsun pa, omi ìgò ni ó ń rà, àní bí kò bá tilẹ̀ ní jẹun kánú. Ní ọjọ́ tí aràn náà kọ́kọ́ yọrí, àwọn obìnrin agboolé pé lé e lórí nínú àgbàlá.

Ìyáálé rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìwọ tí ò ń fi omi ìgò ṣe fújà sí wa. 'Omi oníbébà ni mò ń mu.' Bébà náà dà? Sọ fún un kó wá ká aràn."

Ẹ̀rín pa wọ́n. Ìyá Rábíátù dúró títí wọ́n fi rín in tán.

"Ẹ ti rín in tán?" ni ó wí. "Bí kì í bá ṣe inú ìgò, níbo ni nǹkan yìí gbà wọ ara mi? Ṣé ó fò wọlé ni? Ọkùnrin yẹn ti ìsun wa, ó ń ta ọ̀gọ̀dọ̀ fún wa. Ẹ jẹ́ ká lọ gba ìsun wa padà."

Wọ́n ránṣẹ́ pè mí kí n wá kọ ìwé sí ajẹ́lẹ̀. Lẹ́tà kékeré kì í yá mi lọ́wọ́, nítorí náà lẹ́tà ńlá ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀: AWA OBINRIN ISALE OSI FE ISUN WA PADA. OMI INU IGO KO DARA.

Ìyá Rábíátù tẹjú mọ́ ọn. "Ó dà bí ẹni tó ń pariwo."

"Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí, Ìyá."

Nígbà tí ọjọ́ tí ajẹ́lẹ̀ máa ń jókòó pé, a gun òkè Mápó ní àárọ̀. Ẹ̀yìn Ìyá Rábíátù gan-an ni mo wà, mo di ìwé náà mú. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn wú ń tẹ ọ̀pá, a sì ń dúró dè wọ́n ní gbogbo ibi tí òkè bá ti ga jù. Ìgò kan ṣoṣo ni a gbé lọ, tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọ́ ìda rẹ̀. Bí a bá gbé e sójú oòrùn, a ń rí nǹkan wẹ́wẹ́ tí ń ta pọ́n, pọ́n nínú rẹ̀.

Ajẹ́lẹ̀ wà lábẹ́ igi. Tápítà rẹ̀, ọmọ Ìbàdàn tí ń wọ bàtà òyìnbó, dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti túmọ̀ ọ̀rọ̀.

"Kí ni ẹ fẹ́?" ni tápítà bi wá.

"Ọmọ mi, sọ fún un kó wo omi tí wọ́n ń tà fún wa," ni Ìyá Rábíátù wí.

Tápítà àti ajẹ́lẹ̀ sọ èdè òyìnbó díẹ̀. "Ó ní kí ẹ gbé e wá kí òun rí i."

Ìyá Rábíátù fọ́ ìda, ó yọ kọ́ọ̀kì, ó da omi náà sínú àwo funfun tí ó mú lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀, pẹ̀lú bí ẹsẹ̀ ṣe ń ro ó. Ó gbé àwo náà sókè. Ó ku díẹ̀ kí ọwọ́ òyìnbó kàn án ni obìnrin yìí fà á padà, ó gbé e sẹ́nu, ó mu díẹ̀, ó gbé e mì, ó sì tún nà án sí ajẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ nílé mọ ohun tí ó ṣe. Àwa kì í gbé omi fún àlejò láìkọ́kọ́ tọ́ ọ wò níṣojú rẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ pé kò sí májèlé níbẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti fi kọ́ ọ. Ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe é kí ó tó rántí ohun tí ó bá wá.

Ajẹ́lẹ̀ fẹ̀yìn ti àga, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sọ gbólóhùn kan. Tápítà ń wo ilẹ̀.

"Ó ní... ó ní omi tí ẹ̀yin fúnra yín mu lójú òun, báwo ló ṣe burú?"

"Àṣà ni!" Ìyá Rábíátù fẹ́rẹ̀ẹ́ da àwo náà nù. "Sọ fún un pé àṣà ni!"

"Mo ti sọ fún un, Ìyá. Ó ní àṣà tó dára ni. Ó ní kí ẹ máa lọ sílé."

Kò tilẹ̀ ka ìwé mi.

Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀, ìyáálé wo aláró náà. "Omi tí o ti ń sá fún láti kékeré, iwájú òyìnbó lo wá lọ mu ún sí." Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

Ìyá Rábíátù ń tẹ ọ̀pá lọ títí a fi dé ilé. Ibẹ̀ ni ó ti ní kí àwọn obìnrin tí ń pọnmi lọ sílé àwọn òyìnbó àti àwọn akọ̀wé wọn sọ ìkòkò kalẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ lóòótọ́. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn akódà ń ká ilé kiri, wọ́n ń halẹ̀. Àwọn ọkọ ń bẹ ìyàwó. Àwọn kan tilẹ̀ rọra padà, wọ́n ń gba ẹ̀yìnkùlé pọnmi lọ. Ìyá Rábíátù mọ̀ wọ́n, kò sì bá wọn jà. Ó ní ó ti rẹ àwọn náà.

Níkẹyìn, tápítà wá sí agboolé ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé.

"Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ dákun. Wọ́n ní kí wọ́n ṣí ọgbà ìsun láti àfẹ̀mọ́jú títí di ìyálẹ̀ta."

"Ọ̀sán ńkọ́?"

"Ọ̀sán ti Mísítà Kóòtù ni."

Àwọn obìnrin wo ara wọn. Wọ́n gbà.

Ìyẹn ni ohun tí wọ́n jà gbà: àárọ̀ nìkan nídìí omi tí ó jẹ́ tiwọn tẹ́lẹ̀. Aràn náà já sínú ẹsẹ̀ Ìyá Rábíátù. Ẹsẹ̀ náà jinná, ṣùgbọ́n ó ká kò, kò sì lè dúró nídìí ìkòkò aró mọ́. Ìgò kò dáwọ́ dúró, bébà kò yí padà. Nínú gbogbo àwọn tí ó ní àṣẹ, kò sí ẹnì kan tí ó bèèrè ibi tí wọ́n ti rọ omi inú rẹ̀. Ìbéèrè yẹn ni wọ́n ṣì jẹ wá. Mo ń rí omi ìgò ní gáréèjì lónìí, bébà rẹ̀ rẹwà ju tiwa lọ. Ẹ̀yin ni kí ẹ bá wa bèèrè, agbára mi ti tán.

Ó ku ohun kan. Mo ní mo wà lẹ́yìn Ìyá Rábíátù lórí òkè Mápó. Irọ́ ni. Òótọ́ ni pé èmi ni mo kọ ìwé, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni ó dì í mú. Bákan náà, n kò fi Mísítà Kóòtù sílẹ̀ nígbà tí mo ní mo fi í sílẹ̀. Ní àárọ̀ tí wọ́n ń gun òkè, ọ̀gọ̀dọ̀ ni mo wà, mò ń rọ omi sínú ṣágo. Ọ̀rọ̀ àwo àti tápítà, ẹnu Ìyá Rábíátù ni mo ti gbọ́ ọ, nígbà tí mo lọ kí i tí ó na ẹsẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹní. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi nítorí ìwé náà. N kò sọ fún un ibi tí mo wà lọ́jọ́ náà, mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì.