Ọkọ̀ Ojú Irin Tí Làmídì Kò Wọ̀

Ọdún 1965 ni. Òjò ìgbẹ̀yìn ọdún ò tíì dá ní Ìkìrun nígbà tí a dìbò ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn. Èmi wà ní ọdún kejì ẹ̀kọ́ injiníà nígbà náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ń bi mí ìdí tí mo fi fi yunifásítì tó wà nítòsí ilé sílẹ̀, tí mo lọ tún ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ lókè Ọya. Kì í ṣe ìwé ni mo sá fún.

Èmi àti Làmídì, ọmọ Òkukù, la jọ ń kàwé. Bí Làmídì bá fi ọwọ́ lásán ya àwòrán ẹ̀rọ, ẹ ó rò pé rúlà ló lò. A jọ wà nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tako ìjọba. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ alátakò fi bẹ̀ wá pé ká wá ṣe aṣojú wọn níbi ìdìbò ní Ìnísà, torí àgbàlagbà kankan ò gbà láti dúró. Ó yẹ kí ìyẹn ti kọ wá lóminú.

Lọ́jọ́ ìdìbò, àwọn obìnrin Ìnísà ti tò láti ìdájí, àwọn mìíràn pọnmọ. Kò sẹ́ni tó ń pariwo. Nígbà tó dọ̀sán, káńsẹ́lọ̀ ẹgbẹ́ ìjọba kan sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, agbádá rẹ̀ wú níwájú bí ìgbà tí èèyàn gbé ẹrù sábẹ́ rẹ̀. Ó wọ yàrá tí àpótí ìbò wà. Nígbà tó jáde, agbádá náà ti rọ̀ pẹlẹbẹ.

Làmídì dí i lọ́nà. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ gbé wọlé?”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Ọmọ ibo ni ẹ́?”

“Ọmọ Òkukù ni mí, sà.”

“Mo mọ Òkukù. Mo mọ yunifásítì yín náà.”

Ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà sún mọ́ wa, ó rẹ ohùn sílẹ̀: “Ẹ máa lọ sílé. Èmi náà bímọ.”

Làmídì ò lọ. Ó kígbe ohun tó rí fún àwọn obìnrin náà, wọ́n sì dúró gbọn-in títí àwọn ọlọ́pàá fi fi kóńdó tú wọn ká. Rédíò kéde pé ẹgbẹ́ ìjọba ló wọlé.

Láti ọjọ́ náà, àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì ń dáná sunlé ara wọn; òórùn bẹntiróòlù la kọ́kọ́ ń gbọ́ ká tó rí èéfín. Ní yunifásítì, olùkọ́ wa kan pè wá sẹ́yìn ilé. “Àwọn kan wá bèèrè yín lọ́wọ́ mi. N ò mọ̀ wọ́n rí. Ẹ wá ibòmíràn lọ.” Yunifásítì kan lókè Ọya ṣe tán láti gbà wá, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọdún kìíní la ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó dùn mí wọra.

Bàbá mi, tíṣà ilé ìwé Áńgílíkà, ò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. “Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Di ẹrù rẹ.”

Àdéhùn wa ni pé èmi á wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ìkìrun, Làmídì á wọ̀ ọ́ ní Òkukù. Bí a ṣe ń kọjá ní ìhà Ìnísà, èéfín dúdú dúró lójú ọ̀run. Gbogbo èrò inú ọkọ̀ ló rí i. Kò sí ẹni tó bèèrè ilé ta ni.

Ní Òkukù, mo yọrí lójú fèrèsé. Ìyá Làmídì nìkan ló dúró níbẹ̀, ó wé gèlè rẹ̀ mọ́ ìbàdí.

“Ìyá, Làmídì ńkọ́?”

“Wọ́n ti mú un láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní ó dáná sunlé. Ọmọ tí èmi àtòun jọ sùn sílé!”

“Ta ló mú un, Ìyá?”

“Ọlọ́pàá ni. Káńsẹ́lọ̀ yẹn jókòó sínú mọ́tò, ó ń wò wá. Má sọ̀ kalẹ̀ o, ọmọ mi. Wọ́n bèèrè ìwọ náà.”

Fèrè ọkọ̀ dún. Mo fò sílẹ̀. Àpótí mi àti gbogbo ìwé mi bá ọkọ̀ lọ.

Ìyá fi mí pamọ́ sí oko àwọn ẹbí rẹ̀ ní Igbaye. Bàbá mi ń lọ bẹ̀bẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá lójoojúmọ́. Ìyá Làmídì ní tirẹ̀ kó àwọn obìnrin Òkukù lọ síbẹ̀, àwọn ti Ìnísà sì wá bá wọn. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, nínú oòrùn, nínú òjò. Ó pẹ́ kí wọ́n tó dá Làmídì sílẹ̀, àmọ́ wọ́n ti fọ́ ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

“Ìwọ máa lọ,” ló sọ fún mi. “Àwòrán wo ni mo fẹ́ fi èyí yà?”

Lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba, mo lọ. Mo jókòó láàárín àwọn ọmọ tí mo jù lọ, mò ń kọ́ ohun tí mo ti mọ̀. Kò pẹ́ tí èéfín fi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ náà, nígbà tí wọ́n ń pa àwọn ará ìlà-oòrùn.

Mo di injiníà. Èrè kan nìyẹn. Ìjọba tó jí ìbò wó lulẹ̀, ṣùgbọ́n ìbọn ló wó o, kì í ṣe ìbò wa. Ìlú tó bá ti rí i pé ìbọn yá ju ìbò lọ, ó máa ń pẹ́ kó tó gbàgbé, ẹ̀yin náà sì ti rí ohun tó bí. Làmídì fi ọwọ́ òsì kọ́ àwọn ọmọ Òkukù ní ìṣirò títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó ti kú báyìí. Káńsẹ́lọ̀ ò jẹ́jọ́ rí. Àwọn obìnrin Ìnísà tó tò láti ìdájí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wà nínú ilẹ̀. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, kò sí ẹni tó tíì ka ìbò tí wọ́n dì.