Ẹ̀wà Tí Kòkòrò Kì Í Jẹ

"Dókítà mi, ṣé wọ́n ti fún ọ lómi mu?"

Ọ̀rọ̀ tí Ìyá Onírúgbìn sọ kẹ́yìn láyé nìyẹn. Dókítà ò sí níbẹ̀. Àbíkẹ́yìn, ọmọ bíbí inú rẹ̀, ló di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Wọ́n ti fún mi," ló dáhùn.

Ogójì ọdún ni ìyá fi ṣa ẹ̀wà pupa kan, ní hóró kọ̀ọ̀kan. Lọ́dọọdún, èyí tí kòkòrò bá lu á dànù, èyí tó bá yè á di irúgbìn. Nígbà tó yá, kòkòrò fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ ẹ́ mọ́. Gbogbo àdúgbò ló ń gbà níbẹ̀ gbìn. Àbíkẹ́yìn nìkan ni ìyá kì í jẹ́ kó fọwọ́ kan atẹ tó fi ń ṣà á, nítorí ìkánjú rẹ̀.

"Ẹ̀wà ò sá lọ," ìyá á ní. "Kí ló ń lé ọ?"

Ìgbà yẹn ni dókítà dé. Kì í ṣe dókítà alábẹ́rẹ́ o, ti irúgbìn ni, ìgò kéékèèké kún àpò rẹ̀. Àbíkẹ́yìn sọ ọ́ ní Onígò. Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, Onígò ti jókòó ti ìyá, wọ́n jọ ń ṣa ẹ̀wà.

"Wo bó ṣe ń fara balẹ̀," ni ìyá wí. "Ọwọ́ ọmọ gidi nìyẹn."

"Àwa ọmọ ayédèrú ńkọ́?"

"Òjòwú! Lọ bu omi wá fún ẹ̀gbọ́n rẹ."

Ẹ̀gbọ́n! Díẹ̀ ló kù kí omi náà hó lọ́wọ́ Àbíkẹ́yìn.

Lọ́jọ́ tí Onígò ń lọ, ó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sórí atẹ. "Màmá, ẹ̀wà yìí mà dára o. Ta ló ni ín?"

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Tiyín ni."

Ohun tí ọmọlúàbí ń sọ nìyẹn tí wọ́n bá yin nǹkan rẹ̀. Yin aṣọ ẹni, á ní tiyín ni. Kò ní tìtorí ẹ̀ bọ́ ọ fún ọ.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé. Ilé-iṣẹ́ Onígò ti fi òfin sọ ẹ̀wà náà di tiwọn. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tọ́jú irúgbìn rẹ̀ gbìn mọ́ láìgba àṣẹ. Àbíkẹ́yìn gba ọ́fíìsì wọn lọ. Akọ̀wé kan tan ẹ̀rọ fún un: "Tiyín ni."

"Ṣé ohùn ìyá yín kọ́?"

"Òun ni. Ṣùgbọ́n 'o' ni ìyá mi ń pe ọkùnrin yẹn. Tó bá fún un ni, 'tìrẹ ni' ni ì bá wí. 'Tiyín' yẹn, ìyìn ló ń fi ọ̀wọ̀ dá padà."

"Ọ̀gbẹ́ni, òfin ò mọ 'o' yàtọ̀ sí 'ẹ'."

Ó délé, ó rò ó fún ìyá. Ó retí kí ìyá bú Onígò, kó pè é lólè, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo péré.

"Ṣé ara dókítà mi le?" nìyá béèrè.

Oṣù kejì, ìyá kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, kápẹ́ńtà àdúgbò yọjú sẹ́nu ọ̀nà. "Àbúrò, òjò ti ń ṣú. Ẹ̀wà ìyá ńkọ́? Àbí a ò gbọdọ̀ gbìn ín mọ́?"

"Ẹ padà wá lọ́la. Màá ti ṣà á."

"Wọ́n lè mú ọ o."

"Ẹni tó bá fẹ́ mú mi, kó kọ́kọ́ wá sọ èyí tó jẹ́ tiẹ̀ nínú ẹ̀."

Nígbà tí kápẹ́ńtà lọ, Àbíkẹ́yìn gbé atẹ sórí itan. Ó mú hóró kan, ó yí i wò. Ihò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó mú òmíràn.