Owú Rokibat àti Ọ̀bẹ Ìyálé Rẹ̀

Rokibat, ìyàwó kejì tí àbúrò mi Abdulmateen fẹ́, kì í jowú aṣọ. Kò jowú wúrà, bẹ́ẹ̀ ni kò jowú pé ìyálé òun ti bímọ kí òun tó dé. Ọ̀bẹ ló ń jowú. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Èmi ti rẹ́rìn-ín tèmi kí n tó mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Agbo ilé kan náà la jọ ń gbé ní àdúgbò Gàmbàrí ní Ìlọrin, nítorí ilé bàbá mi ni mo padà sí nígbà tí ọkọ mi kú, mo sì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ọkọ mi" ni Rokibat ń pè mí, bí àwọn ìyàwó ilé wa ṣe ń pe gbogbo ọmọ ilé, ọkùnrin àti obìnrin. Àdúgbò Adéwọlé ni a ti gbé e wá, ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Ó ń rẹ́ ẹ̀fọ́ sínú ọ̀rá, ó ń tà á fún àwọn obìnrin tó ń ti ọ́fíìsì bọ̀ nírọ̀lẹ́ tí wọn ò ráyè jókòó rẹ́ ẹ fúnra wọn. Ẹnu iṣẹ́ yìí gan-an ni owú ti bẹ̀rẹ̀.

Husseinat, ìyálé rẹ̀ tí a ń pè ní Ìyá Hidayat, ní ọ̀bẹ kan tí èèkù rẹ̀ ti dúdú nítorí ọjọ́ tó ti pẹ́. Tí Husseinat bá ń rẹ́ àlùbọ́sà, ojú rẹ̀ á gbẹ, á máa bá èèyàn tàkúrọ̀sọ. Tí Rokibat bá jókòó ti tirẹ̀, omijé á máa dà, á máa fi apá nu imú bí ọmọ tí wọ́n nà. "Ọ̀bẹ tó bá mú kì í fìyà jẹ àlùbọ́sà," ni Husseinat máa ń wí fún un, "àlùbọ́sà náà ò sì ní fìyà jẹ ọ́." Ìmọ̀ràn lásán ni, ṣùgbọ́n èébú ni Rokibat gbọ́.

Èyí tó wá burú jù ni ti Iléyá. Tí àwọn ọkùnrin bá ti Yídì dé, Abdulmateen á wọ yàrá Husseinat lọ gba ọ̀bẹ, á jáde síwájú gbogbo wa, á fi apá agbádá bò ó kí àgbò má baà rí i. Bísímílà, ó parí, àgbò ò jìyà. Àwọn àgbà á máa yin ọ̀bẹ, wọ́n á yin ẹni tó ni ín. Nínú ilé wa, ẹni tí wọ́n bá gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni ẹ̀dọ̀ àgbò. Ọdún tí Rokibat kọ́kọ́ rí èyí, ó wọlé lọ, ó ní orí ń fọ́ òun. Wọ́n gbé ẹran lọ bá a, kò fọwọ́ kàn án. Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ti Rokibat tún jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹran Iléyá pàápàá ò lè gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá.

Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ló ń wá: kí ọkọ òun gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ òun níwájú èrò. Ó ra ọ̀bẹ tuntun. Ó ra nǹkan oníke kan tí wọ́n ń fa ọ̀bẹ gba àárín rẹ̀. Ọ̀bẹ á mú láàárọ̀, nígbà tó bá máa di ọ̀sán, ewé tẹ̀tẹ̀ lásán, á máa já a bí ẹni ń fi eyín fà á. Ti ìyálé rẹ̀ wà bó ṣe wà. Ẹ ò mọ bí èyí ṣe ń dun obìnrin náà tó. Tí ó bá gbọ́ ìró ọ̀bẹ Husseinat lórí pákó, á dákẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń sọ lọ́wọ́.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Aláásárì, Husseinat máa ń gbé òkúta tó fi ń pọ́n ọ̀bẹ sẹ́nu ọ̀nà, á wọ́n omi sí i. Rokibat á fara pamọ́ sẹ́yìn kọ́tìnnì. Ohun tó rí ni pé bí ọ̀bẹ bá ṣe ń lọ lórí òkúta ni ètè ìyálé òun ń mì, láìsí ohùn. Ó sáré wá bá mi nídìí ẹ̀rọ.

"Ọkọ mi, àdúà ló ń ṣe sí ọ̀bẹ yẹn. Ṣebí ọmọ àáfà ni. Bàbá rẹ̀ ló fún un."

Mo ní kó lọ jókòó sílé ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ Ìlọrin: ilé tí kò bá ní àáfà, ilé kejì rẹ̀ ní. Nígbà tó lọ tán, èmi náà ronú sí i díẹ̀.

Ó gba ọ̀dọ̀ Àáfà Abdulhaleem lọ, ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé wa ní kéú, ó ní òun fẹ́ àdúà tí ọ̀bẹ fi ń mú. Àáfà wò ó títí. "Ọmọ mi," ó ní, "òkúta ni wọ́n fi ń pọ́n ọ̀bẹ." Rokibat fi ìbínú kúrò níbẹ̀, ó gbà pé wọ́n ti jọ pa ẹnu pọ̀ lórí òun ni. Hántú kan ṣẹ́kù sínú ike ní yàrá rẹ̀, omi àdúà tí wọ́n fọ̀ lára wàláà fún un nígbà tí ara rẹ̀ ò yá. Ó rẹ ọ̀bẹ tuntun sínú rẹ̀, ó bò ó mọ́lẹ̀, ó di ọjọ́ kejì. Nígbà tó ṣí i, ọ̀bẹ ti dípẹtà láti ẹnu dé ìdí èèkù.

Ibi tó ti ń fi yẹ̀pẹ̀ ha á nídìí omi ni Husseinat ti bá a.

"Ìyàwó, kí ló ṣe ọ̀bẹ yìí?"

Ó bú sẹ́kún. "Ìyá Hidayat, ẹ sọ fún mi. Kí lẹ máa ń kà sórí ọ̀bẹ yín? Owú yín fẹ́ pa mí, wálàhì."

Èmi tí mò ń ránṣọ dá ẹsẹ̀ dúró.

Husseinat rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú. "Mò ń kà lóòótọ́," ó ní. "Oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Iye tí mo bá fà á ní apá ọ̀tún, iye náà ni mo gbọ́dọ̀ fà á ní apá òsì. Bí apá kan bá gbà ju ìkejì lọ, ẹnu ọ̀bẹ á wọ́. Tí mi ò bá kà á lẹ́nu, mo máa ń gbàgbé."

Ó gbé òkúta wá, ó jókòó tì í. Ó fi hàn án pé ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni wọ́n ń gbé sókè díẹ̀, kí orí ìka kékeré lè wọ abẹ́ rẹ̀, kí ó sì máa lọ bí ẹni fẹ́ bó èèpo tín-ín-rín lára òkúta. Ó fi hàn án bí wọ́n ṣe ń fa ẹnu rẹ̀ wẹ́rẹ́ ní ìdí àwo tánganran, bí wọ́n ṣe ń nù ún lára awọ bẹ́líìtì àtijọ́ gbẹ̀yìn. Ó wá bú u bí ìyálé ṣe ń bú ìyàwó: ta ló ń rẹ́ ẹ̀fọ́ lórí tíréè onírin? Ta ló ń da ọ̀bẹ sínú omi pẹ̀lú ṣíbí? Pákó ni kó máa rẹ́ ẹ̀fọ́ lé, kó fọ̀ ọ́, kó nù ún gbẹ, kó fi aṣọ wé e. Ọ̀bẹ tí wọ́n bá tọ́jú kì í tètè kú.

"Ẹ̀yin tí wọ́n ń yìn níwájú èrò," ni Rokibat wí, "kí ló dé tí ẹ fi ń kọ́ mi?"

Husseinat ń nu ọ̀bẹ lọ. "Èmi ni ìwọ ń jowú? Láti ìgbà tó o ti dé, ẹnu ọ̀nà ni Bàbá Hidayat ti ń kí mi. Kì í wọlé. Àfi lọ́jọ́ Iléyá tó bá fẹ́ gba ọ̀bẹ, á wọlé, á jókòó díẹ̀, á bi mí bóyá ara le. Torí ìwọ̀nyẹn ni mo ṣe ń pọ́n ọn."

  Àbúrò mi ni Abdulmateen, ọmú kan náà la jọ mu, ṣùgbọ́n ká ní ó wọlé lásìkò náà, sísọ́ọ̀sì ọwọ́ mi ni mi ò bá fi gé agbádá rẹ̀.

Iléyá tún dé. Ọ̀bẹ Rokibat ti mú débi pé ó ń la bébà sí méjì ní òfuurufú. Ìròyìn rẹ̀ ti dé etí Abdulmateen, nítorí náà bó ṣe ti Yídì dé, ọ̀dọ̀ Rokibat ló yà sí, níbi tí èmi àti rẹ̀ ti ń dáná.

"Rokibat, wọ́n ní ọ̀bẹ rẹ ti ju ti gbogbo ilé lọ. Mú un wá, tìrẹ ni màá lò lọ́dún yìí."

Ohun tó ti ń wá láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ lọ sórí aṣọ tó fi wé ọ̀bẹ náà. Ní òdìkejì àgbàlá, Husseinat ti dúró sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó ti wọ aṣọ ọdún, ó ti lé tìróò, ẹní tuntun ló tẹ́ sí yàrá. Ó ń wò wá.

"Tèmi ò tíì mú tó," ni Rokibat wí. "Ẹ lọ gba ti Ìyá Hidayat."

Ó lọ. Ọ̀bẹ lásán ló fẹ́ gbà, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Àgbò ké, ké, ó sú u. A gbọ́ tí Husseinat rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré kan bíi ti ọmọge, lẹ́yìn náà a gbọ́ ti Abdulmateen. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé owú ti kú lọ́kàn Rokibat nítorí ó ṣe rere. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i bó ṣe ń ta á bí ata.

Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀dọ̀ fún Husseinat, Rokibat ní òun lòun máa rẹ́ àlùbọ́sà tí wọ́n máa fi dín in. Ó tú ọ̀bẹ nínú aṣọ, ó jókòó. Àlùbọ́sà ń bọ́ sórí pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò sí ìró. Ìgbà tí màá wò ó, omi ti ń dà lójú rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé.

"Àlùbọ́sà ni, ọkọ mi," ló wí.

Mo wo ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀. Mi ò bi í mọ́.