Álọ́ọ̀mù Nínú Omi Ẹja

Ẹja márùn-ún ló kú nínú méje tí olóògbé ìyàwó mi fi sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ ni ìyá mi wá kí mi ní Òṣogbo láti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Ó rí i pé omi inú àpótí dígí tí a ń sin ẹja sí ti funfun bí omi ògì, ló bá da álọ́ọ̀mù sí i, bó ṣe máa ń dà á sómi kànga.

Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, omi ti mọ́ gaara, òkú ẹja sì léfòó.

Ìyá mi ní, "Omi ọ̀hún ṣáà mọ́, ọmọ mi."

Mo kó òkú ẹja dànù, mo fọwọ́, mo jẹun. Mi ò sunkún. Mi ò sunkún níbi ìsìnkú náà.

Mo pe ẹni tó ta ẹja fún wa ní Òkè-Fìà, mo ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó bú sẹ́rìn-ín: "Álọ́ọ̀mù kẹ̀? Bọ̀dá, ṣé ẹ fẹ́ mu omi ẹja ni?"

Mo sọ fún un pé ẹni tó ra ẹja náà ti kú. Ìgbà náà ló ní kí n máa pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi náà lójoojúmọ́, kí n má sì fún méjì tó kù lóúnjẹ títí di Jímọ̀. Ó ní omi náà yóò tún funfun, kí n má da nǹkan kan sí i, fúnra rẹ̀ ni yóò mọ́.