Ọkùnrin Tí Kò Gbà Pé Ọdún Ti Yí

Ọ̀rọ̀ àkísà tó gbiná ni gbogbo èèyàn fi ń rántí Bàbá Àtijọ́. Ó kó àlejò mẹ́rin sẹ́yìn ọkọ̀ dúdú àtijọ́ kan lọ́jọ́ yẹn, ó ń gbé wọn yí ọgbà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé po jẹ́jẹ́, ni èéfín bá bẹ̀rẹ̀ sí í rú níwájú. Ọkùnrin kan nínú àwọn àlejò náà fa fóònù yọ.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká pe àwọn panápaná."

Bàbá Àtijọ́ wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún un wò. "Ọ̀gá mi, kí ni wọ́n ń pe ìyẹn?"

"Fóònù ni."

"Fóònù tí kò ní okùn? Ẹ yé tàn mí. Panápaná ò sì tíì dé ìlú wa. Wọ́n ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ bá mi mú korobá tó wà lẹ́bàá kànga yẹn."

Báyìí ni àwọn àlejò tó múra dáadáa ṣe tò sẹ́yìn ara wọn, tí wọ́n ń gbé omi fúnra wọn. Nígbà tí èéfín rọlẹ̀, wọ́n rí i pé àkísà tí bàbá fúnra rẹ̀ gbàgbé sórí ẹ́ńjìnnì ló ń jó. Ọ̀gbẹ́ni onífóònù wo ṣòkòtò rẹ̀ tó rin gbindin, ó bi í pé kí ni kí òun wá fi èyí ṣe. Bàbá ní, "Ẹ sá a, ọ̀gá mi. Oòrùn ti wà ní ọdún tiwa."

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń to nǹkan sínú gíláàsì. Odindi àdúgbò ni: ilé alágbẹ̀dẹ, ilé ìtẹ̀wé, ilé amọ̀kòkò, àti gáréèjì tí ọkọ̀ mẹ́ta wà. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń wọṣọ bí ará ayé àádọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀ bíi tiwọn. Bí oúnjẹ ọ̀sán bá ti dé, àwọn yòókù á jọ̀wọ́ eré náà. Bàbá Àtijọ́ kì í jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi tọ́jú ọkọ̀ wọ̀nyẹn, tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ nu ihò tóóró tí epo ń gbà, tó ń fi orí igi kan ẹ́ńjìnnì, tó ń fi orí kejì kan etí, kó lè gbọ́ ohun tó ń dùn ún. Iyàrá kékeré tó wà lẹ́yìn gáréèjì ni ìyàwó rẹ̀ máa ń jókòó sí, tó ń rán awọ ìjókòó ọkọ̀. Òun ló mọ̀ ọ́n jù, òun ló sì fara gbá a jù.

Ọjọ́ tí ọmọbìnrin wọn bí ọmọ àkọ́kọ́, ìyàwó sáré wọ gáréèjì. "Bàbá, ọmọ yín ti bímọ o. Tọmọ-tìyá wà lálàáfíà."

Àlejò méje ló wà níbẹ̀. Bàbá tẹrí ba fún un bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. "Ẹ kú ọ̀sán, arábìnrin. Èmi tí mi ò tíì gbéyàwó, ibo ni mo ti bí ọmọ tó ń bímọ?"

Inú bí ìyàwó, ó yíjú padà, ó ń lọ. Kò tíì rìn jìnnà tó fi gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Bàbá sá kọjá lára rẹ̀, ó sá gba iwájú ilé alágbẹ̀dẹ, ó jáde ní ẹnu géètì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó láàárín títì, pẹ̀lú gíríìsì lọ́wọ́, tí àwọn mọ́tò ayé òde òní ń fun fèrè fún un.

Ó rẹ ìyàwó nígbà kan, ó ní kí òun bá a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Bàbá wà lábẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló hàn síta.

"Ọdún tí ẹ ń wí yìí, wọn ò tíì bí èmi, wọn ò tíì bí ẹ̀yin náà."

"Ohun tó dùn níbẹ̀ nìyẹn," ni ẹsẹ̀ náà dá a lóhùn. "Ẹni tí wọn ò tíì bí, báwo ni ikú ṣe máa mọ orúkọ ẹ̀?"

Ikú mọ̀ ọ́n. Ibi tó ti ń yí irin tí wọ́n fi ń jí ẹ́ńjìnnì ni ọwọ́ rẹ̀ ti rọ. Ní ilé ìwòsàn, dókítà bi í ní orúkọ rẹ̀, ó sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó bi í pé ta ni obìnrin yìí, ó ní ìyàwó òun ni. Ó wá bi í pé ọdún wo la wà. Bàbá dárúkọ ọdún tó ti kọjá láti àádọ́rùn-ún ọdún. Dókítà mú bírò, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyàwó ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ìyẹn. Iṣẹ́ wọn ni."

Dókítà wò ó bíi pé òun ló kàn tí wọ́n máa yẹ̀ wò.

Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí etí ọkọ rẹ̀. "Bàbá, a ti jáde ní géètì. Ẹ sọ ọdún fún wọn."

Ọkùnrin náà wò ó títí. "Ṣé ó dá ọ lójú pé a ti jáde?"

Títí di òní, ìyàwó kò mọ̀ bóyá ó ń ṣeré ni àbí ọ̀nà ti dàrú mọ́ ọn lójú. Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí ìyàwó lọ bu omi, bàbá mí èémí ìkẹyìn. Ìyẹn ló ń dùn ún jù, pé omi lásán ni òun lọ bù.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn òṣìṣẹ́ kóra jọ sí gáréèjì, wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ikùn mú. Ìyàwó náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó délé tó rí bàtà ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ló tó mọ̀ pé ojú òun ti wú fún ẹkún.

Kò pẹ́ tí ọ̀gá wọn fi wá bá a ní iyàrá ìránṣọ. "Màmá, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí wúwo. Ìjókòó awakọ̀ ti jìn wọlẹ̀. Obìnrin awakọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kò ga, bó bá jókòó síbẹ̀, kì í rí ọ̀nà."

Wọ́n gbé ìjókòó náà wá fún un. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí ibi tó jìn náà. Ìdí ọkọ rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ, fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń ṣiṣẹ́ mìíràn, tó ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Lọ́jọ́ kẹrin, ó mú àbẹ, ó já òwú. Irun ẹṣin tó wà nínú rẹ̀ ti lẹ̀ pẹlẹbẹ bí ẹní. Ó fi ìka tú u díẹ̀díẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó sá a gbẹ, ó sì dá a padà. Kò fi tuntun kún un rárá. Irun kan náà ni, ó kàn tún dìde ni.

Awakọ̀ tuntun jókòó sí i. "Màmá, mo ń rí ọ̀nà dáadáa. Ẹ wọlé, ká jọ dán an wò."

Ó wọlé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti kọjá ilé ìtẹ̀wé kí awakọ̀ náà tó rọra béèrè pé, "Irú èèyàn wo ni bàbá jẹ́?"

"Olóríkunkun ni. Nínú gbogbo ayé ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gbà fún mi pé òun jẹ̀bi."

"Kí ni wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà?"

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Kò tíì dé àárín tí ẹ̀rín fi gbá a mú, ó fi etí ìborùn nu ojú, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Awakọ̀ náà dín eré ọkọ̀ kù, kí ọ̀nà má baà tán kí ìtàn tó tán.