Ẹni tí mo kí káàbọ̀ ní Kúta

Ẹ gbà mí o, mo kí òkú káàbọ̀ lọ́sàn-án òní.

Nọ́ọ̀sì ni mí n'Ìwó. Mò ń ka másítáàsì lórí ìtọ́jú àwọn àgbà tó ń ṣarán. Gbogbo ìgbà ni olùkọ́ wa máa ń sọ ọ́: "Ẹ má bá wọn jiyàn. Ohun tí wọ́n bá láwọn rí, ẹ bá wọn rí i."

Ni mo bá lọ wo ìyá arúgbó kan ní Kúta. Èmi, ìyá àti ọmọ wọn obìnrin la jọ jókòó. Àfi bí ìyá ṣe nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà:

"Bàbá ti toko dé."

Ọkọ wọn ni. Ó ti tó ọdún méje tí bàbá ti kú.

Mo rántí ẹ̀kọ́ mi. Mo kúnlẹ̀, mo kọjú sí ẹnu ọ̀nà: "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

Ọmọ ìyá fò dìde. "Nọ́ọ̀sì! Ta ló ní kẹ́ ẹ pè wọ́n wọlé? Ojoojúmọ́ ni mò ń ní kí wọ́n máa lọ!"

Ìyá rọra fa àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọn ò wo ẹnu ọ̀nà mọ́. Àga yẹn ni wọ́n ń wò, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ìròyìn tí màá kọ fún olùkọ́ ni pé ọkàn ìyá balẹ̀. Òótọ́ sì ni.

Àmọ́ ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí báyìí: "Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n wọlé. Ẹ wá sọ fún wọn kí wọ́n jáde."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló máa sìn mí lọ?