Ọtí Ọ̀pẹ Òyìnbó Tí Mo Dé Pa

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí n kò tíì mọ gèlè wé fúnra mi, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe ọtí kan nílé wa ní ìlú Ara. Mo ti sọ ìtàn ọtí náà rí, ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́ tán. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán fún yín lónìí.

Ìyá kan ládùúgbò wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Àbíjàn dé ló kọ́ wa. A bẹ ọ̀pẹ òyìnbó mẹ́rin, a gún un, a fún omi rẹ̀ sínú ìkòkò, a da ṣúgà sí i, a fi aṣọ bò ó. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀, àwa a sì máa tẹ́tí sí i, a máa rẹ́rìn-ín. Kérésìmesì ti dé tán, ìyá wa la fẹ́ gbé e fún. Mùsùlùmí ni bàbá wa, kì í fẹnu kan ọtí, ṣùgbọ́n kò bá wa wí. Ó kàn ní ká gbé e jìnnà sí ibi tí òun ti ń kírun.

Lọ́jọ́ tí a sẹ́ ẹ sínú ìgò mẹ́ta, ìyá tó kọ́ wa kìlọ̀ fún wa: "Ẹ má dé e pa o! Ó ṣì ń mí. Aṣọ ni kí ẹ fi bò ó títí kò fi ní hó mọ́."

Mo gbọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi lọ pọnmi, mo rí eṣinṣin tó kú sínú ìgò kan. Inú bí mi. Mo mú kùùkù àgbàdo, mo fi òkúta gbá a wọ ẹnu ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo tún fi okùn dè é. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi gbé ọ̀kan, ó wò ó, ó yíjú sí mi. "Ìwọ lo dé èyí pa?"

Kí n tó dáhùn, ìgò náà bẹ́. Àfọ́kù rẹ̀ wọ ẹ̀gbọ́n mi lójú òsì.

Ìyá wa sáré dé. "Ta ló dé ìgò yìí pa? Mo ní ta ni?"

Mo fà sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà láàárín ìka rẹ̀, ló dáhùn: "Èmi ni, Màámi."

Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ojú náà ti fọ́. Àwọn ará Ifẹ̀-Ọ̀dàn tó ti ń tọrọ rẹ̀ fún ọmọ wọn kò wá mọ́. Màámi a máa wí níwájú àlejò pé àìgbọràn ló fọ́ ọ lójú, èmi a sì dorí kodò.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹ̀gbọ́n mi bá àwọn ará Èjìgbò kan lọ sí Àbíjàn. Mo bá a gbẹ́rù dé ìdí ọkọ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún Màámi."

Ó ní, "Nísinsìnyí? Ṣé ojú mi á là tó o bá sọ ọ́? Ọjọ́ tí mò ń retí ẹnu rẹ ti kọjá."

Ó wọkọ̀, kò bojú wẹ̀yìn. Àbíjàn ló kú sí. Màámi náà kú, kò gbọ́.

Láyé ìgbà wa, ọmọ tó bá ń dákẹ́ níwájú àgbà, wọ́n á ní ó lẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n yìn mí fún un títí mo fi wọlé ọkọ. Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ẹnu yín kì í sinmi, àwọn ẹgbẹ́ mi a sì máa bú yín pé ẹ ò níwà. Èmi kì í bá wọn bú yín.